Asẹ́ Ọjọ́-Orí ní Ìtẹ̀dó-Òkè

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Aṣàwárí kò purọ́ rí, èmi náà ò sì ní jókòó síbí kí n máa purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n bá bi í ló ń dáhùn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá bi í nìkan náà ló ń dáhùn, kì í fi nǹkan kan lé e. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, "Kò sí" ni gbogbo ohun tó wí. Ìbídùnní Àńjọrìn tó bi í léèrè mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti ríre.

Ayé Pupa, ayé míràn tó wà lójú ọ̀run, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní Ìtẹ̀dó-Òkè, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sábẹ́ òrùlé dígí nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ti di ohun tí ènìyàn ń wọ̀ bí ẹni ń lọ sí abúlé kejì. Erùpẹ̀ ibẹ̀ kúná ju èlùbọ́ lọ. Kò sí dígí tó lè dí i mọ́ta tán. Bó bá ti ráyè wọlé, àyà ọmọdé ló ń lọ jókòó sí.

Ilé ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àká. Gbogbo ohun tí dókítà ti kọ rí nípa àìsàn àti oògùn, ì báà jẹ́ ní Ilé-Ayé, ì báà jẹ́ ní Ayé Pupa, inú Àká ló wà. Kò sí ẹ̀dá tó lè ka díẹ̀ nínú rẹ̀ tán kí ikú tó dé. Aṣàwárí ló ń wọ inú rẹ̀ lọ bá ènìyàn mú èyí tó ń fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó o." Ó ní bí wọ́n ṣe ń bi í. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bi ni wọ́n ń pè ní Olùtọpa, Ìbídùnní tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Tẹ̀níọlá sì ni àgbà wọn. Bí àwọn dókítà bá wá nǹkan tì láti àárọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ gbé e lọ fún Ìyá Tẹ̀níọlá." Kó tó mu omi tán, á ti rí i.

Iṣẹ́ náà kò le lójú, inú ló ti le. Àkọ́kọ́, Olùtọpa á kó gbogbo àdàpè jọ, nítorí ohun tí dókítà kan pè ní ikọ́ erùpẹ̀, òmíràn lè pè é ní àyà dídí, ẹlòmíràn lè pè é ní èémí kúkúrú. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, apá kan ṣoṣo ló máa rí. Ẹnubodè Tàbí ni wọ́n fi ń so àwọn àdàpè wọ̀nyí pọ̀, ẹnubodè náà sì fẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbà á wọlé. Ẹnubodè Àti ṣe tóóró: ìwé tó bá sọ ti ikọ́ tí kò sọ ti oògùn, kò gbà á láyè. Ẹnubodè Láìsí ń lé ni padà, ọlọ́gbọ́n kì í sáré ṣí i. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni asẹ́ tó kàn. Asẹ́ èdè wà, asẹ́ ọdún tí wọ́n kọ̀wé wà, asẹ́ ọjọ́-orí aláìsàn náà wà. Bí a ti ń sẹ́ ògì gan-an ni, kí èérí lè dúró sókè.

Ọdún kan wá dé tí ìjì ńlá jà, ikọ́ sì wọ àárín àwọn ọmọ Ìtẹ̀dó-Òkè. Dókítà Fọlárìn ni ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ bí ọmọ bá ń jìyà. Ó ní oògùn kan tí àwọn awakùsà ń lò, Wẹfóró ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, àyà á sì là. Ó fẹ́ fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin ìlú ni pé oògùn tuntun kan kò gbọdọ̀ wọ ara ọmọ àfi bí Olùtọpa bá ti bi Àká bóyá ó ti ṣe ọmọ kan níkà rí, tí ìgbìmọ̀ àgbà sì ti gbọ́ èsì.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Tẹ̀níọlá, ọmọbìnrin Ìbídùnní, bí, wà lára àwọn tí ń wúkọ́. Àbẹ̀kẹ́ yìí ni ayé Ìbídùnní. Ọmọ tí kì í dákẹ́ ni, tí á máa kọrin sí ṣíbí, tí á máa kọrin sí bàtà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò lè parí gbólóhùn kan kí èémí tó dá a dúró. Ohùn yẹn ni Ìbídùnní gbé sétí wọ Àká.

Ó kó àdàpè jọ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ó fi Tàbí so wọ́n, ó fi Àti dè wọ́n. Aṣàwárí kó òkìtì ìwé jáde: ìwé awakùsà, ìwé atukọ̀ òfurufú, ìwé àwọn arúgbó. Fọlárìn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ìyá Tẹ̀níọlá, èwo lẹ fẹ́ kà nínú gbogbo eléyìí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Dókítà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Kí ó tó di ìgbà tí ẹ máa kà á tán ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọmọdé là ń sọ, kí ló kàn wá kan awakùsà? Ẹ fi asẹ́ ọjọ́-orí sí i, ẹ jẹ́ á mọ ibi tí a wà."

Ìbídùnní mọ̀ pé kò yẹ. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti na ìka sí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé asẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú gbé. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, òwe yẹn kò ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mí gúlegúle tí yóò rántí òwe? Ó fi asẹ́ náà sí i, láti ọmọ tuntun títí dé ọmọ ọdún méjìlá.

"Kò sí," ni Aṣàwárí wí.

"Ẹ gbọ́ bí!" Fọlárìn pàtẹ́wọ́. "Kò ṣe ọmọ kankan níkà rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, "kò sí" àti "mi ò rí i" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ń wá ayọ̀ lójú méjèèjì kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbídùnní gbá ọwọ́ Fọlárìn mú.

"Dókítà, ẹ dákun. Ọ̀sán ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ báyìí."

"Òfin ńkọ́, Màmá?"

"Kí n bi Àká lòfin wí, mo sì ti bi í. Ẹ ṣojú àánú. Ọmọ náà ò lè dúró de ọ̀sán."

Fọlárìn wò ó, ó mi orí, ṣùgbọ́n òun náà ti gbà á gbọ́. Ó pe nọ́ọ̀sì. Tẹ̀níọlá di apá ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àyà Àbẹ̀kẹ́ ti là, ó ti dìde jókòó, ó ní òun fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín. Tẹ̀níọlá dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. "Màmi, ẹ ṣeun, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin ín." Ìbídùnní lọ sí ìpàdé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Baálẹ̀ ló jókòó sáàárín ìgbìmọ̀. Màmá Wúràọlá wà lápá ọ̀tún rẹ̀, obìnrin tó jẹ́ dókítà àkọ́kọ́ ní Ìtẹ̀dó-Òkè kí wọ́n tó fi òrùlé sí i tán. Eyín ti kán lẹ́nu rẹ̀, ẹnu náà kò sì tíì kú. Ìbídùnní jábọ̀. Bí màmá náà ti gbọ́ orúkọ oògùn, ó gbé orí sókè.

"Wẹfóró? Wẹfóró tí a lò nígbà ìtẹ̀dó? Háà, ẹ má dán an wò. Etí ló ń bá lọ. Ọmọ á sàn tán, kò sì ní gbọ́ ìpè mọ́ láé."

Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ kó tó fèsì, ká má purọ́ mọ́ ọn. "Màmá, ẹ má bínú. Àgbà a máa gbàgbé, Àká kì í gbàgbé. Bó bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ sì kọ ọ́, Aṣàwárí ìbá ti gbé e jáde."

"Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí ni mo fi kọ ọ́."

"Ọmọ mélòó ni, Màmá? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Màmá Wúràọlá wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Fọlárìn, ṣé ilé yìí náà ni wọ́n ti tọ́ ọ? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í ka ọdún ọmọ náà. Nígbà tiwa, ọmọ ń kú, ọmọ ń ṣẹ́kù, ìyá wo ni mo fẹ́ wò lójú kí n máa kọ iye lé ọmọ rẹ̀ lórí? Èyí tó bá ń rá, a ó kọ pé ó ń rá. Èyí tí kò bá tíì pààrọ̀ eyín, a ó kọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwa dókítà ìgbà náà la kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú ò sì tì wá. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni mo ń tú hàn ọ́ yìí."

Ibẹ̀ ló ti yé Ìbídùnní. Iye ọdún ni asẹ́ ọjọ́-orí ń wá. Ìwé tí kò bá ní iye ọdún nínú, èérí ni lójú rẹ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa ọmọdé ní ìlú òun fúnra rẹ̀ ni òun ti sẹ́ dànù, nítorí òun ń wá ọmọdé! Ta ló tún kù ní Ìtẹ̀dó-Òkè tí kò mọ àṣà yìí? Òun gan-an kò sọ ọjọ́-orí Àbẹ̀kẹ́ fún àlejò rí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Ó dìde. "Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Àká ò jẹ̀bi. Ìbéèrè mi ni kò dáa." Ojú òun àti ti Fọlárìn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà gbé ojú sílẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ Aṣàwárí. Ó yọ asẹ́ náà kúrò, ó kó àdàpè tuntun jọ: ọmọ ọmú, tàbí ọmọ ọwọ́, tàbí ọmọ ìrìnsẹ̀, tàbí èyí tí ń rá, tàbí èyí tí kò tíì pààrọ̀ eyín. Ní ti etí náà, kò fi mọ sí "adití." Ó fi kún un: a pè é kò dáhùn, tàbí kò gbọ́ ìpè. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ti Màmá Wúràọlá ló ṣíwájú. *Èyí tó ti pààrọ̀ eyín, àyà là, etí wà. Èyí tí kò tíì pààrọ̀ eyín, àyà là, etí lọ.* Dókítà kejì kọ irú rẹ̀, ẹ̀kẹta kọ irú rẹ̀. Ìbídùnní kà wọ́n ní àkàtúnkà, bóyá ó lè rí ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ míràn. Eyín ọmọ-ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ ṣì pé lẹ́nu, kò tíì yọ ọ̀kan.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ní Wẹfóró. Wọ́n kó àwọn kéékèèké sí iyàrá afẹ́fẹ́ mímọ́, Màmá Wúràọlá sì jókòó tì wọ́n, ó ń pàṣẹ fún Fọlárìn bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́, Fọlárìn náà ń sáré jẹ́ ẹ. Ikọ́ ọ̀hún pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n ó lọ, kò sì pa ẹnì kankan. Àwọn ìyá ń wá kí Ìbídùnní nílé, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń ní òun ló gba etí ọmọ àwọn sílẹ̀. Kò lè wò wọ́n lójú.

Etí Àbẹ̀kẹ́ kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó wá ń bínú pé, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Màmá Àgbà, kí ló dé tí ẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́?" Ìbídùnní á pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há. Nígbà tó yá, ọmọ náà kò bínú mọ́, kò sì ní kí wọ́n tún nǹkan sọ mọ́. Orin tó ń kọ sí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ohùn rẹ̀ ń ṣi ọ̀nà, títí ó fi dákẹ́.

Tẹ̀níọlá mú un wá sí Àká lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìbídùnní ń kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀, kí Àká lè gbà á wọlé. Tẹ̀níọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á.

"'Ọmọ kan tí kò tíì pààrọ̀ eyín.' Màmi, ìyẹn kọ́. Ẹ kọ ọdún rẹ̀."

"Tẹ̀níọlá, a kì í…"

"Èmi ni ọlọ́mọ. Èmi ni mo ní kí ẹ kà á. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tó bẹ̀ wọ́n pé tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún."

Ìbídùnní wò ó. Kò sí ìbínú lójú ọmọ rẹ̀, bó bá jẹ́ ìbínú ni ì bá sàn fún un. Ó kọ ọdún náà. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, omijé ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún.

Àbẹ̀kẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń to àwọn òkúta pupa léra. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ máa lọ, kò pè é. Ó rìn lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ọmọ náà sì gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i.