Ẹsẹ̀ Àkùkọ Suliat Lára Àga Chippendale

Trélà mẹ́rìnlélógún ló dúró gbọin lórí òpópónà márosẹ̀ Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ tí Hakeem kọ́kọ́ rí Suliat. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ omidan náà, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lé àkùkọ rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń lé ajínigbé.

Hakeem, káfíńtà ọmọ Ìkirè tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ajah, ló mú àkùkọ náà. Kàkà kó dá a padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé sókè tó ń wò láìṣẹ́jú.

"Brọ̀dá, àkùkọ ni o, kì í ṣe ìyàwó."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Àga ni mo fẹ́ gbẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bí ẹsẹ̀ idì tó di bọ́ọ̀lù mú. Èmi ò rí idì rí láyé mi!"

Ó fi àwòrán kan tó ti ya hàn án: àga Thomas Chippendale, káfíńtà Lọ́ńdọ̀nù tó ti kú láti igba ọdún ó lé. Ẹsẹ̀ àga náà tẹ̀ kọdọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n ta ní kókó.

Oṣù mẹ́ta ni Suliat fi ń di àkùkọ mú, tí Hakeem ń gbẹ́ igi ọ̀gánwó. Ọ̀kadà ti tẹ ìka ẹ̀yìn àkùkọ náà rí, ó ti wọ́ sápá òsì. Hakeem rò pé bí ti idì náà ṣe rí nìyẹn, ló bá gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

"Olólùfẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ adìyẹ," Suliat a máa pè é. Ẹ̀rín rẹ̀ lè tan iná fún gbogbo Igbó Ẹfọ̀n.

Lọ́jọ́ kan tí àga náà ti parí, tí Suliat ò sí níbẹ̀, jíìpù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Hakeem. Bàbá kan sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ pa àga náà lára. "Chippendale gidi ni?"

Ẹnu Hakeem ṣáájú orí rẹ̀. "Gidi ni, sà. Ọwọ́ òyìnbó náà fúnra rẹ̀ ló ṣe é."

Bàbá sanwó, ó gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, Hakeem ò lè wo ojú Suliat tààrà mọ́. "Ọ̀gá kan ló rà á" ni gbogbo ohun tó lè sọ fún un.

Ọjọ́ tó lọ tọrọ Suliat lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Àlàájì Ògúnkúnlé, ní Abraham Adésànyà Estate, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbójú sókè. Yéè! Bàbá oníjíìpù! Òógùn tó bo Hakeem tó pò sìmẹ́ńtì ilé alájà mẹ́ta. Àlàájì náà dá a mọ̀, ó kàn ń wúkọ́ ni, torí ó ti purọ́ nípa àga náà fún àwọn aládùúgbò méjì tó jókòó níbẹ̀. Ó ṣí aṣọ lórí àga tuntun rẹ̀.

"Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rà á. Ẹni tó ṣe é kú kí wọ́n tó máa jẹ búrẹ́dì l'Ékòó!"

Suliat kúnlẹ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò kalẹ̀. Ojú rẹ̀ bá ìka tó wọ́ sápá òsì lẹ́sẹ̀ àga náà.

"Dádì, ìgbà wo ni àkùkọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù?"

Ó gbé àkùkọ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ẹsẹ̀ àga. Ọ̀kan náà ni. Kò rẹ́rìn-ín.

"Hakeem, oṣù mẹ́ta la fi ṣe é. O wá gbé e fún òkú?"

Hakeem wólẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é. Mo purọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa ra nǹkan tó bá jẹ́ tèmi."

"Ẹ pe síkiọ́rítì!" aládùúgbò kan pariwo. "Gbájú-ẹ̀ ni!"

Àlàájì ì bá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun náà purọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ajah ni mo ti rà á. Èmi náà purọ́ fún yín, ojú sì ń tì mí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí ọmọkùnrin yìí tó la ẹnu rárá ni àga náà ti wù mí. Hakeem, dojú àga náà dé. Kọ orúkọ ẹ sí i."

Hakeem dojú àga dé. Ó fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sábẹ́ àga: *Hakeem, káfíńtà Ajah.* Ó dúró, ó wo Suliat, ó tún kọ: *Suliat ló di àkùkọ mú.*

"Ẹlẹ́sẹ̀ adìyẹ," Suliat wí, omi lójú rẹ̀. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwa."

Lọ́jọ́ yìgì wọn, àga náà ni ìyàwó jókòó lé. Àkùkọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì jẹ. Kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà pa á.