Etí Tó Mọ Ìkòkò

“Ìyá ń sùn.”

Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí Saeedah ń pa irọ́ kan náà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi tòsì di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣí jù. Àsmá'ù amọ̀kòkò tó dúró níwájú rẹ̀ ru agbọ̀n ìkòkò, amọ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Ó tún ń sùn?” ni Àsmá'ù bi í. “Láti ìrun àílà? Saeedah, ṣé oorun lẹ fi ń ro tùwó fún un ni?”

“Oògùn tí wọ́n fún un ló ń jẹ́ kí oorun máa kùn ún, àǹtí.”

“Ó dáa. Bó bá jí, sọ fún un pé a ń dúró dè é o.”

Saeedah ti ilẹ̀kùn. Nínú pálọ̀, Ìyá Talatu, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wo ògiri.

“Ta ni yẹn?” ni Ìyá béèrè.

“Ọmọ tó ń polówó ẹ̀pà ni, Ìyá.”

Saeedah padà sídìí ìṣirò rẹ̀.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Ìyá Talatu fi mọ ìkòkò ní Ìlọrin. Nígbà tó dàgbà, ó fi mímọ sílẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀yìn wọn ṣì le, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà ní agbo ilé amọ̀kòkò tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é bíi tirẹ̀. Bí ìkòkò bá jáde nínú iná, tó sì tutù, àwọn obìnrin á kó o wá síwájú rẹ̀. Á fi oríkèé ìka kàn án, á dẹ etí sí i. Èyí tó pé á dún bí agogo. Èyí tó ti sán nínú, tí ojú kò lè rí, á dún bí igi gbígbẹ. Ìkòkò tí Ìyá bá kọ̀, kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní “ìkòkò Ìyá Talatu”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló mọ ọ́n.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1993, ó ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀gbà mú un lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ bọ̀ sípò díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n apá kò bọ̀ sípò. Ọmọ rẹ̀ Hàrúnà, bàbá Saeedah, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, mú un wá sí ilé tirẹ̀, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí agbo ilé. Ó ra àga, ó ra fáànù, ó sì pàṣẹ fún gbogbo ilé.

“Láti òní lọ, Ìyá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́kíṣẹ́. Ó ti ṣe é tó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Ìlọrin pé ìyá Hàrúnà ṣì jókòó ti amọ̀.”

Gbogbo àdúgbò yìn ín. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí èèyàn bí.

Ìyá Saeedah ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba, kì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, Saeedah ló ń tọ́jú Ìyá láti ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé. Ìdánwò àṣekágbá kù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìṣirò sì ń dà á láàmú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àsmá'ù máa ń gbé ìkòkò wá fún Ìyá nínú pálọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì á máa kàn án, wọ́n á máa bá ara wọn dápàárá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Saeedah kò lè kàwé. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní, “Kí ni kíkan ìkòkò? Ìyẹn náà níṣẹ́? Bàbá ti ní kó sinmi, kó sinmi.” Bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì rọrùn fún un ju bó ṣe rò lọ.

Ilé dákẹ́. Ìyá náà dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ń fi tùwó sílẹ̀ nínú àwo. Nígbà tó yá, kò dá èèyàn lóhùn ju “hẹn” lọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí ìyá Saeedah ń gbọn tìmùtìmù, hóró oògùn mọ́kànlá já bọ́ nílẹ̀. Ìyá kò gbé èyíkéyìí mì nínú wọn.

Hàrúnà sáré pe Dókítà Adékọ̀yà. Dókítà wo ojú Ìyá, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó wọn ìfúnpá rẹ̀.

“Ẹ̀gbà náà kò le sí i,” ló sọ. “Kí ni wọ́n máa ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́?”

Hàrúnà nà ró. “Wọn kì í ṣe nǹkan kan, Dókítà. A kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan.”

“Ohun tí mo ń bi yín gan-an nìyẹn,” ni Dókítà fèsì. Ó di àpò rẹ̀. “Bí wọn kò bá jẹun títí di ọ̀la, ẹ gbé wọn wá, a ó dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n mi ò mọ oògùn tí a fi ń mú èèyàn fẹ́ láti dìde.”

Saeedah mọ ohun tí òun ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn àláásárì, Ìyá Láyíwọlá wọlé. Òun ló ń kó ìkòkò lọ tà fún àwọn olóúnjẹ ní Tanke. Ó da àpáàdì ìkòkò mẹ́rin sílẹ̀ gbàragada níwájú Hàrúnà.

“Bàbá Saeedah, ẹ wò ó. Ọbẹ̀ odidi ìkòkò dà sínú iná, olóúnjẹ tó rà á sì bú mi níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ń rà á fún ọdún méjìlá, irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí. Orúkọ Ìyá Talatu ni mo fi rà á.”

Àsmá'ù ru agbọ̀n ìkòkò tẹ̀ lé e wọlé, ojú tì í. “Mo gbé e wá síbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Ìyá bá wa kàn án. Wọ́n ní Ìyá ń sùn, la bá tà á láìkàn án.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ara wọn kò le, wọ́n ní láti máa sùn,” ni Hàrúnà wí, ó ń gbèjà ọmọ rẹ̀.

Saeedah rí i pé ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fura. Ṣùgbọ́n ó wo àpáàdì tó wà nílẹ̀: amọ̀ tí wọ́n gbẹ́, igi tí wọ́n dá, òógùn àwọn obìnrin, gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò. Ó wo ìyá àgbà tó ń gbẹ lọ lórí àga. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ìyá kò sùn nígbà kankan tí Àsmá'ù wá. Mo fẹ́ ráyè kàwé ni.”

Kí Hàrúnà tó lè sọ̀rọ̀, ohùn kan jáde láti orí àga.

“Mo mọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn Àsmá'ù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbà kò mú mi létí.”

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti gbọ́ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò pe Àsmá'ù wọlé?” ni Hàrúnà béèrè.

“Mo rò pé ìwọ lo rán ọmọ náà níṣẹ́. O ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo wá sọ fún ara mi pé ìlò mi ti tán nìyẹn, kí ni mo tún ń jẹun fún?”

Hàrúnà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

“Saeedah,” ni Ìyá pè, “gbé èyí tó kù lórí Àsmá'ù wá. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìdí rẹ̀, má fún un mọ́ra.”

Saeedah gbé ìkòkò àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ òsì kàn án. Ó dún bí agogo. Èkejì dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta dún bí igi gbígbẹ. Ìyá kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mi orí.

“Àsmá'ù, ta ló po amọ̀ yìí? Ṣé ìwọ ni àbí ewúrẹ́?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú.”

“Ewúrẹ́ ì bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ìyá Láyíwọlá tó bínú wọlé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nínú ìkòkò mẹ́sàn-án, Ìyá kọ méjì. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní, “Ṣé kò sí oúnjẹ nílé yìí ni?”

Saeedah sáré wọ ilé ìdáná. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń bu ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìyá jẹ tùwó náà tán, ó gbé oògùn mì, ó tún ní ọbẹ̀ náà kò níyọ̀ tó.

Hàrúnà bá ọmọ rẹ̀ wí gidigidi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì bá ara rẹ̀ náà wí. Láti ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àláásárì, Ìyá Talatu a mú ọ̀pá rẹ̀, Saeedah a mú ìwé rẹ̀, wọ́n a jọ rìn lọ sí agbo ilé amọ̀kòkò. Iṣẹ́ náà kì í gbà ju wákàtí kan lọ. Saeedah kàwé lábẹ́ ìbòòji níbẹ̀, ó sì yege nínú ìdánwò, ìṣirò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú tín-ínrín iṣẹ́ tí ẹ bá bá lọ́wọ́ àgbàlagbà, bó ti wù kó kéré tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníkálukú ló ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ẹni tó bá gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ arúgbó nítorí àánú, tàbí nítorí ìrọ̀rùn ara rẹ̀, kò fún un nísinmi. Ó sọ ọ́ di ẹrù inú ilé. Bí ẹ bá sì ti pa irọ́ kan kí ara lè tù yín, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe.