Etí Ọ̀tún Bàbá Akínyọdé

Ní Òkè-Òṣùpá, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, òfin kan wà tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀: àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kan bá ti kú gbọ́dọ̀ padà sí ilé ayé. Ìdí ni pé bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, fèrè á dún láti ìhà ibi tó ti ń jò. Ẹni tí kò bá mọ ìhà tí fèrè ti ń dún lè sáré lọ bá ikú, kó tún kí i kú ilé.

Àpótí-orin ni wọ́n fi ń yẹ etí wò: àpótí kéékèèké tí a fi okùn so mọ́ra, tí ń dá ohùn sílẹ̀ láìsí olórin. Wọ́n á ki okùn ìbòtí bọ inú ihò rẹ̀, wọ́n á sì fi ìbòtí náà bo etí àgbà méjèèjì.

Bàbá Akínyọdé dé ìbòtí. Etí òsì gbọ́ ohùn tó ń kùn bí oyin. Etí ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni Moróunfọlá wí, onímọ̀-ẹ̀rọ, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣe àpótí náà. “Ọkọ̀ á gbéra lọ́jọ́ Ẹtì.”

Bàbá kò fẹ́ lọ. Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé ayé kò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti dé òṣùpá, níbi tí ara ti fúyẹ́. Ó ní etí ọ̀tún yìí kan náà ni òun fi ń gbọ́ bí òun ṣe ń hanrun. Moróunfọlá dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìmọ̀ kì í fi híhanrun ṣe ẹ̀rí, pé gbogbo àgbà tó dé ìbòtí náà ni etí ọ̀tún wọn ti kú, àti pé àwọn onímọ̀ ti sọ àrùn náà lórúkọ.

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o ti dé e rí?”

“Èmi kẹ̀, Bàbá? Ohun tí a ṣe fún àgbà, kí n kọ́kọ́ gbé e lé orí ara mi?”

Ọ̀rọ̀ náà bójú mu. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa ni.

“Mo yọ̀ǹda. Dé e.”

Ó kúnlẹ̀, ó sì dé e. Ó yí i padà, ó gbé apá ọ̀tún sí òsì. Ó tún tẹ́tí sílẹ̀.

“Bàbá, etí ọ̀tún mi ti kú. Ìgbà tí mo yí i padà ni ó jí, tí ti òsì wá kú.”

“Pẹ̀lẹ́,” ni Bàbá wí. “Ọkọ̀ á gbéra lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ohùn kan ṣoṣo ni ihò àpótí náà ń fúnni. Ẹnu okùn ìbòtí sì pín sí méjì, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Ti òsì ló ń gba gbogbo ohùn, ti ọ̀tún kàn fara ti irin lásán. Moróunfọlá ṣe okùn kékeré kan tí ń pín ohùn ọ̀hún sí méjì. Bàbá dé ìbòtí, oyin kùn lọ́tùn-ún, ó kùn lósì. Wọ́n ní kó máa gbé ní ìlú náà lọ.

Ó wá ku Ògúnṣọlá, ọ̀rẹ́ tí Bàbá máa ń bá ta dráàfù, tí wọ́n ti dá padà sáyé ní tirẹ̀ nítorí etí ọ̀tún. Àwọn dókítà kì í sì í jẹ́ kí arúgbó gun ọkọ̀ òṣùpá lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fi àṣìṣe náà ránṣẹ́ sí i, wọ́n tọrọ àforíjì. Èsì rẹ̀ dé:

“Akin, o ṣeun. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o. Apá ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí tó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́.”

Etí méjèèjì ni Bàbá fi gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ pátákó dráàfù, ó ta ti funfun, ó dìde, ó yípo tábìlì, ó jókòó, ó ta ti dúdú.

Orúnkún kò dùn ún rárá.