Ọkọ Ìyàwó Tó Sùn Lórí Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹnu Ìṣẹ́gun là sílẹ̀, orí rẹ̀ dà sẹ́yìn lórí àga, ó sì ń hanrun débi pé àwọn tẹlifíṣọ̀n tó tún ṣe tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ̀n. Ọ̀sán gangan ni o, láàárín Ọjà Àlàbá! Ọ̀ṣúnkẹ́mi, télọ̀ tó ń rán sùtánà fáwọn ìjọ aláṣọ funfun ní Ajangbadi, gbé rédíò rẹ̀ tó bàjẹ́ wá, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á. Ọkùnrin náà rẹwà lójú oorun. Àfi bí híhanrun náà ṣe dá lójijì. Àyà rẹ̀ ò lọ, kò bọ̀. Ọ̀ṣúnkẹ́mi dúró títí, ẹ̀rù bà á, ló bá fọ́ ọ létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí nígbà tí ìyẹn ta jí. "Mo rò pé ẹ ti kú ni."

Ìṣẹ́gun ń fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Sister, mi ò tíì sọ iye tí mo máa gbà, ẹ ti fọ́ mi létí. Tí mo bá wá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Rédíò náà ò ní wàhálà púpọ̀, síbẹ̀ ó gba ọ̀pọ̀ àbẹ̀wò kó tó dáa, àwọn méjèèjì sì mọ ìdí rẹ̀.

Oorun yẹn nìkan ló ń kọ Ọ̀ṣúnkẹ́mi lóminú. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni ọmọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ nílé àwọn Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní Ìbà, Ìṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àgbà. Bàbá Àlàní, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, mú àdúrà, ẹni tó bá sì mọ bàbá yìí mọ̀ pé àdúrà wọn kì í tán bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó ṣàmín ìkẹyìn, ọkọ ìyàwó ti ń hanrun lórí ilẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi fò dìde. "Ó fi wá ṣẹlẹ́yà! Mi ò lọ́mọ tí mo fẹ́ fún un mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ìṣẹ́gun ò lè wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. "Kẹ́mi mi, wá ọkọ míì. Ojú ń tì mí."

"Ìtìjú ẹ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, èémí ẹ tó ń dá ni. Dìde jàre, a ń lọ rí dókítà."

Dókítà Tóyọ̀sí yẹ ẹ́ wò, ó ní ìdí ahọ́n rẹ̀ ló nípọn jù, tó bá ti sùn, á dí ọ̀fun pa. Ìdí nìyẹn tí oorun òru kì í fi í tó o, tó fi ń sùn lọ́sàn-án. Ó sì lè pa á. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀rọ abomú tó ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú lójú oorun, àmọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Igbó-Elérin, níbi tó ń gbé, ò jẹ́ kó wúlò. Ló bá ku iṣẹ́ abẹ láti gé ìdí ahọ́n náà kù. Apá róbọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa gba ẹnu wọlé, ọ̀bẹ ò ní kan ọrùn rárá.

"Ẹ̀rọ lèmi ń tún ṣe, Dókítà," ni Ìṣẹ́gun wí. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ya wèrè."

"Kì í dá nǹkan kan ṣe. Èmi ni mo máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí mo bá ṣe ń darí ọwọ́ mi ló ṣe máa rìn."

Ìṣẹ́gun yíjú sí Ọ̀ṣúnkẹ́mi. "Tí mi ò bá wá lè sọ̀rọ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Màá máa sọ ti àwa méjèèjì. Àbí o ò mọ̀ pé mo lẹ́nu?"

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, Ọ̀ṣúnkẹ́mi ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí dókítà jáde tó ní, "Ó ti jí," ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń sunkún, tó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá Ọ̀ṣúnkẹ́mi tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ gbé ògì gbígbóná wá sí Igbó-Elérin. Ìṣẹ́gun ń sùn lórí àga gígùn. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Kẹ́mi, ṣé kò sí nǹkan? Mi ò gbọ́ ìró kankan."

"Ó ń mí, Màámi. Ẹ wo àyà ẹ̀."

Ìyá wò ó pẹ́. Àyà náà ń lọ, ó ń bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi lé sí i lójú. "Àìsàn ló ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ, mo ń pè é lọ́lẹ."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi na ọwọ́ láti jí i kó wá kí wọn, ìyá gbá ọwọ́ náà mú.

"Má jí i o. Tó bá sùn tẹ́rùn, sọ fún un kó wá bá bàbá ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."