Ọwọ́ Tó Ń Ṣí Fèrèsé

Bàbá Gàrúbà jẹun alẹ́, ó fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ kò lẹ́ran, ó kírun ìṣáì, ó sì ti fèrèsé nítorí ọyẹ́ tó ń mú bí abẹ. Nígbà tí ládàánì pe ìrun àsùbáà, ọmọ rẹ̀ Hámzàt lọ jí i. Bàbá ti tutù. Kò ṣàìsàn, ejò kò bù ú jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ kó ké. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ikú náà kò ṣeé sin.

Ilé wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Ìkirè, níbi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń rá pálá gun òkè. Ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń ta dòdò, torí ọkọ̀ tó bá ń sáré kì í ra nǹkan. Soliat, ìyàwó Hámzàt, wà lára wọn. Màmá Ọ̀ṣúnrónkẹ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́, arúgbó ọlọ́ṣun kan tí ide kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń dúró kí àgbagbà pọ́n kọjá pípọ́n, kí èèpo rẹ̀ dúdú, kó tó di pé a gún un mọ́ ata tí a sì dín in nínú epo pupa.

Dídúró yẹn gan-an ni wàhálà. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tètè pọ́n, gbogbo obìnrin orí òkè á jókòó ti àgbagbà tútù, wọ́n á káwọ́ lẹ́rán. Lọ́dún yìí, Soliat nìkan ló ń rí dòdò tà lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ọlọ́run ló ń ṣe é." Kọ́kọ́rọ́ yàrá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò ní ìdí ìró rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò wọ ibẹ̀ rí. Yàrá náà fara ti ti Bàbá, ògiri àárín wọn kò sì kan òrùlé.

Lọ́jọ́ fídáù, Bàlíkísù tó ń ta píọ́ wọ́tà fa Soliat sẹ́yìn ilé.

"Ìyá Fáìzàh, ṣé o ń gbọ́ ẹyẹ tó ń ké lórí òrùlé yín lóru?"

"Mo ń gbọ́ ọ."

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ṣé ó tún yẹ ká máa béèrè?" Bàlíkísù yọ ẹnu sí ọ̀nà ìsọ̀ Màmá Ọ̀ṣúnrónkẹ́. "Ta ni ọjà ẹ̀ kò yá? Ta ni kì í kírun nínú gbogbo wa?"

Soliat ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti bá a lára mu, torí Màmá ti ń wo yàrá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé kì í ṣe ìlara nìyẹn?

Fáìzàh, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, kì í sùn níbòmíràn àfi lọ́dọ̀ bàbá-bàbá rẹ̀. Ikọ́ ló mú kó sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lóru tí Bàbá kú. Lẹ́yìn fídáù, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, ó padà sórí ẹní Bàbá. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ ọ láràárọ̀, á máa bì, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Soliat sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, jìnnìjìnnì sì bò wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé búútà jáde láti ṣe àlùwàlá. Ó rí ọwọ́ kan lójú fèrèsé Bàbá. Ide ń dán lọ́rùn ọwọ́ náà. Ọwọ́ náà ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ohùn jẹ́jẹ́ kan sì ń pe ọmọ rẹ̀.

"Fáìzàh. Fáìzàh, dá mi lóhùn."

Búútà bọ́ lọ́wọ́ Soliat. Igbe tó ké ló jí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ìsọ̀ Màmá ni wọ́n ti bá a níwájú agbada epo rẹ̀, nígbà tí oòrùn là. Hámzàt wà níbẹ̀, Bàlíkísù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin dòdò sì pagbo.

"Kí lẹ ń wá lójú fèrèsé ọmọ mi?" Soliat bi í.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí ni."

"Ẹ gbọ́! Ó ti jẹ́wọ́!" Bàlíkísù ké.

"Soliat, mo bẹ̀ ẹ́," ni Màmá wí. "Èédú tó ń jó nínú yàrá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ, mo ti sọ fún ẹ lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ ẹ níṣẹ́ pé..."

"Àjẹ́!" Soliat pariwo bò ó mọ́lẹ̀. "Àjẹ́ ni yín! Àjẹ́!"

Ó mọ ìdí tó fi pariwo. Òótọ́ ni pé ìkòkò èédú ló ń tan síbẹ̀ lálaalẹ́, tó ń fi àpò dí ẹnu ọ̀nà kí ooru lè mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ní kíá. Obìnrin mẹ́jọ ló dúró níbẹ̀, tí wọ́n na etí. Bí wọ́n bá gbọ́, gbogbo wọn ló máa ní dòdò lọ́la. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọmọ. Ó fi ẹsẹ̀ ta agbada. Epo gbígbóná àti dòdò dà sílẹ̀. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìró. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wọkọ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Wásinmi.

Hámzàt fi ìṣó mẹ́fà kan fèrèsé Bàbá pa. Ó tún ránṣẹ́ sí Ògúnyínká, oníṣègùn Ìkòyí tó wà nítòsí, ó ròyìn ẹyẹ òru náà fún un, kó lè wá wo ohun tí àjẹ́ náà ti ṣe sí ọmọ.

Nígbà tí oníṣègùn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ariwo ẹkún ló pàdé rẹ̀. Wọ́n ti pe Fáìzàh títí, kò dáhùn. Oníṣègùn náà wọ yàrá, ó fa imú, ó sì gbé ọmọ náà jáde kíákíá sábẹ́ igi máńgòrò. Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó mí kanlẹ̀, kó tó bì, kó tó lajú.

"Ẹ gbé e lọ ọsibítù," ó wí fún Hámzàt. Ó wá yíjú sí Soliat. "Ìyàwó, wá ṣílẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn yàrá yẹn fún mi."

Àwọn méjì péré ló wọlé. Ooru kọlu wọ́n lójú. Àdán méjì fò sókè láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, wọ́n gba ihò òrùlé jáde.

"Ẹyẹ yín rèé," ni Ògúnyínká wí. "Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń pè wọ́n." Ó tọ́ka sí ìkòkò tí ẹyin iná ṣì ń pọ́n nínú rẹ̀. "Àjẹ́ yín sì rèé. Bí èédú bá ń jó níbi tó há, kì í jẹ́ kí ẹni tó sùn jí."

Soliat kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́ fún wọn."

"Èmi ò ní sọ ọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀."

Níta, Hámzàt ti gun máṣíìnì, Bàlíkísù gbé ọmọ mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dúró yí i ká pẹ̀lú igi.

"Bí mo bá ti já wọn sí ọsibítù, Wásinmi ló kàn," Hámzàt wí. "Ìyá yẹn kò ní rí ọ̀la."

Ikú yá ju ẹ̀sín, làwọn àgbà wí. Soliat rò ó wò níbẹ̀, ní tòótọ́. Ṣé kó dákẹ́? Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó tún wo ojú Fáìzàh, tó ń wá a kiri láàárín èrò.

"Kì í ṣe Màmá," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kì í ṣe Màmá! Èmi ni. Èédú ni mò ń tan sẹ́yìn yàrá Bàbá, kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè tètè pọ́n. Èmi ni mo pa Bàbá, n ò mọ̀. Màmá sọ ọ́, mo gbọ́, mo pariwo kí ẹ má baà gbọ́. Fèrèsé ni wọ́n ń wá ṣí, kí atẹ́gùn lè bá ọmọ mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ju igi rẹ̀ sílẹ̀. Hámzàt wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì fẹsẹ̀ ta máṣíìnì, ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Soliat dúró láàárín wọn, ojú sì tì í débi pé kò tilẹ̀ lè gbé ọwọ́ láti fi ìborùn bojú.

Ọjọ́ kẹta ni Fáìzàh padà wálé. Látìgbà tí Soliat ti jẹ́wọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Hámzàt sọ fún un: "Lọ sí Wásinmi."

Soliat bá Màmá Ọ̀ṣúnrónkẹ́ lórí àpótí níwájú ilé níbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì bó ẹ̀gúsí, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bó o. Wọ́n fi aṣọ funfun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá. Ide ti kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣí fèrèsé ni, òun náà sì ni epo tí Soliat dànù bó.

Soliat dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti tò láti Ìkirè fò lọ lórí rẹ̀.

Màmá gbé àtẹ ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ọmọ?"

"Bàbá ẹ̀ ni, mà."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá, mà."

"Ó dáa. Ọyẹ́ ṣì wà níta. Kẹ́ ẹ wá aṣọ tó nípọn bo ọmọ náà."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ìbá sàn fún Soliat ká ní Màmá bú u. Ó dìde jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa àtẹ ẹ̀gúsí náà sọ́dọ̀, ó ń bó o lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbé ojú sókè títí ilẹ̀ fi ṣú.