Etí Ọ̀tún Tí Kò Bá Ruifang Bọ̀ Láti Gúúsù

Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Àmọ́ etí méjì ni Hao Ruifang gbé wọ rélùwéè lọ sí gúúsù, ọ̀kan ṣoṣo ló bá a bọ̀ ní pípé. Kò sí olè tó jí ìkejì. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ohun tó bà á jẹ́, ló gbé e sórí, ló sì ń mi orí sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, tí yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé àwọn ará Xipo. Ní abúlé yìí ní Shanxi, agogo idẹ ni wọ́n ń rọ, agogo tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, èyí tí àwọn òṣèré orí ìtàgé ń lù. Ọkùnrin mẹ́rin a dúró yí iná ká, wọn a máa fi òòlù ńlá lu idẹ gbígbóná. Tó bá tutù tán, ó ku ẹnìkan: ẹni tó ni òòlù àṣekẹ́yìn. Ẹni yẹn a fi òòlù kékeré tọ́ agogo sọ́nà, kọ́, kọ́, a tẹ́tí, a tún lù ú, títí agogo yóò fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Bó bá ṣi òòlù lù lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ti dòfo.

Hao Tiecheng, bàbá Ruifang, ló ni òòlù náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń fi aṣọ di agogo mẹ́fà sínú àpótí, ó ń kì wọ́n lábẹ́ ahọ́n bó ṣe máa ń ṣe:

"Idẹ, ọmọ iná, a-jìyà-kó-tó-fọhùn. A lù ọ́, o ò sunkún; a tẹ́ ọ, o ò bínú; ọjọ́ tí o bá lanu, ọba á dìde lórí ìjókòó." Ó gbójú sókè. "Ruifang, kó ìwọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré ní Guangdong, ní gúúsù lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, àwọn àgbà oníṣẹ́ á péjọ síbí. Lójú wọn lo máa tọ́ agogo ńlá. Bó bá fọhùn, tìẹ ni òòlù. Èmi ti dàgbà."

Genwang, àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà nídìí ẹwìrì, tu èèpo èso tó ń jẹ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, òòlù ìran méje lẹ fẹ́ fi lé obìnrin lọ́wọ́? Ṣé kó lè máa fi lu ìyẹ̀fun núdù ni?"

"Bàbá Kékeré," Ruifang ń di okùn àpótí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ ní irùngbọ̀n, àmọ́ agogo tẹ́ ẹ tọ́ lọ́dún tó kọjá ń dún bí ìdérí ìkòkò. Irùngbọ̀n kì í gbọ́ ohùn. Etí ló ń gbọ́ ọ."

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Genwang náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú.

Wákàtí méjìlélógún ni rélùwéè ń gbà dé ọ̀hún. Ruifang fẹ́ kí etí òun sinmi kí ọjọ́ ńlá náà tó dé, ló bá yà sí ṣọ́ọ̀bù Pang, ẹni tó ń ta fóònù nílùú. Èrò rere ló gbé e débẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Pang, ẹ fún mi ní hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo rẹ́, èyí tí mo lè fi rìnrìn àjò."

Pang gbé méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan dúdú, ìbòtí rẹ̀, ibi tó ń bo etí, fẹ̀, ó sì rọ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ooru omi. Ìkejì pupa, ó tín-ín-rín, ó ń dán.

Ruifang wá ṣe ohun tí ọmọ alágogo máa ń ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí Pang pa ẹ̀rọ amúlémóoru tó ń hó ní igun ilé. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ló bá ṣí ohùn agogo bàbá rẹ̀ tó ti gbà sórí fóònù, ó gbọ́ ọ nínú dúdú, ó gbọ́ ọ nínú pupa.

"Pupa ni! Ó gbé agogo wá bíi pé mo dúró tì í. Dúdú yẹn ń ránmú."

"Ẹ mọ nǹkan," ni Pang wí. "Pupa náà ń pa ariwo rẹ́ o. Ó wà lára páálí rẹ̀, ẹ wò ó."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yan agogo: a ó wá ibi tó dákẹ́, a ó lù ú, a ó gbọ́ adùn rẹ̀. Àmọ́ hẹ́dífóònù ìrìn àjò, ohun tí kò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ló yẹ ká fi yàn án. Ruifang kò mọ̀. Pang mọ̀, ó panu mọ́.

Rélùwéè gbéra. Ẹsẹ̀ irin ń hó gììrì lábẹ́ ìjókòó. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń na káàdì mọ́ tábìlì pẹ́, ẹnìkan ń wo ìjà lórí fóònù láìfi nǹkan sétí, òórùn núdù gba gbogbo ọkọ̀. Ruifang gbé pupa sórí, ó ṣí orin ìtàgé. Híhó irin bá orin wọlé. Ó gbé ohùn sókè. Híhó kò lọ. Ó tún gbé e sókè. Fóònù kọ ìkìlọ̀ jáde pé ohùn náà ti pọ̀ jù fún etí. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ dànù. "Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ alágogo nípa ohùn?"

Ìyá àgbà tó jókòó tì í fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó na ẹyin sísè sí i. "Ọmọ mi, ẹni tó ń kọrin létí ẹ yìí, ṣé ó ti rí ìyàwó ẹ̀ tó sọnù?"

"Háà, Màmá, ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ pátá. Àwọn adìyẹ mi nílé náà á ti máa gbọ́ ọ."

Ruifang rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹyin, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sùn tòun ti hẹ́dífóònù lórí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló sì fi lé ìrọ̀rí, tó tẹ ìbòtí náà mọ́ etí. Nígbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ohùn tó tó o lọ́jọ́ àlọ kò tó mọ́. Àmì nìyẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ó tún gbé e sókè sí i.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ki òwú bọ etí ọ̀tún rẹ̀, ìrẹ̀ kan sì ń han nínú rẹ̀ tí kò mí.

"Ooru ló pọ̀ jù nínú ara ẹ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mu tíì òdòdó."

"Ìrẹ̀ ń ké létí ẹ?" ni Genwang wí. "O ti rí alájọkọrin."

Ó mu tíì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá rẹ̀ lu agogo kan, kí ọmọ rẹ̀ bá a gbọ́ bó ṣe rí. Ruifang gbọ́ ìlù náà. Ṣùgbọ́n ìrù ohùn, okùn tín-ín-rín tó máa ń gùn lẹ́yìn ìlù, èyí tí wọ́n fi ń mọ agogo tó pé, kò dé etí ọ̀tún. Ó yí orí, ó fi òsì gbọ́ ọ. Ó mú àpò, ó mú páálí pupa, ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Jing, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, fi í sínú yàrá kékeré tí ohùn kì í wọ̀, ó yẹ etí méjèèjì wò.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin, Dókítà."

"Kí lo ń dúró dè?"

"Mo ń mu tíì."

"Tíì dára fún ọ̀fun. Etí tó bá dédé dí, ọjọ́ náà gan-an là ń wá, torí bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọ̀nà ìwòsàn ń há. Irun wínníwínní kan wà nínú etí tó ń gba ohùn. Ohùn líle ń tẹ̀ wọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ koríko. Bó o bá ń sinmi, wọn á dìde. O tẹ̀ wọ́n fún wákàtí méjìlélógún lálọ, o tún tẹ̀ wọ́n lábọ̀. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́."

"Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa ariwo rẹ́ ni mo rà!"

Dókítà yí páálí náà. "Ka ibí yìí. Ariwo tí wọ́n ń wí ni èyí tó yí ẹ ká tó o bá ń pe èèyàn, kí onítọ̀hún lè gbọ́ ẹ. Etí tirẹ̀ ló sinmi."

Ruifang kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ojúlówó ńkọ́?"

"Ojúlówó ń gbọ́ ariwo ìta, ó sì ń ṣe ohùn tó dojú kọ ọ́, bí ìgbì méjì tó pàdé tí wọ́n sì rọlẹ̀. Ariwo tó ń lọ gbọọrọ ló mọ̀ ọ́n pa jù, bíi ti rélùwéè àti bàálù. Ẹni tó bá ní ó ń pa ẹkún ọmọdé pátápátá, irọ́ ló ń pa. Kó o lè rẹ ohùn orin sílẹ̀ la ṣe ń rà á. Má gbé ohùn kọjá ìdajì. Bí ẹni tó jókòó tì ẹ́ bá ń gbọ́ orin ẹ, ó ti pọ̀ jù."

Ruifang rántí ìyá ẹlẹ́yin. Ojú tì í.

Ó lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìrẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ohùn èèyàn padà sí etí ọ̀tún. Ìrù ohùn agogo kò padà. Lọ́jọ́ tí Dókítà sọ fún un pé ibi tí etí náà máa sàn dé nìyí, ó sunkún láti ilé ìwòsàn dé ìdajì ọ̀nà. Àmọ́ bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ojú rẹ̀ rí ṣọ́ọ̀bù Pang, ó wọlé.

"Tan ẹ̀rọ amúlémóoru yẹn."

"Ruifang, ooru ti wà níta..."

"Mo ní kó o tàn án!"

Ó ń hó. Ruifang gbé pupa sórí láìṣí orin kankan: híhó dúró bó ṣe wà. Ó gbé dúdú, ó tẹ bọ́tìnnì: híhó rì, bí ẹni ju òkúta sódò. Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó wọ dúdú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ó ń mi orí, ó ń wò ó bóyá apá awò fi àlàfo sílẹ̀ tí ariwo á gbà wọlé, bóyá orí á ro ó.

"Bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí mélòó?"

"Ọgbọ̀n."

"Méjìlélógún ni ti rélùwéè mi. Bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí ohùn ìta wọlé dà? Tí mo bá dúró létí ojú irin, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń bọ̀."

Pang fi hàn án.

"O mọ̀ lọ́jọ́ náà," ni Ruifang wí.

"O ò bi mí dé ibẹ̀ yẹn."

"Mo ní èyí tó ń pa ariwo rẹ́. Ṣé èdè mìíràn ni mo fi sọ ọ́? Láti òní lọ, ẹ̀rọ yìí á máa hó nígbàkígbà tí èèyàn bá wá yan hẹ́dífóònù níbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ ni màá jókòó sí, màá máa lu agogo."

Pang mọ ìdílé Hao. Ó mọ̀ pé yóò lù ú. Ó gba pupa padà, ó fún un ní dúdú, ẹ̀rọ náà sì ń hó níbẹ̀ dòní.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù pé. Àgbà oníṣẹ́ méje jókòó. Bàbá rẹ̀ fà á sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́: "Má sọ fún wọn. Bàbá tèmi náà ò sọ." Ruifang bọ́ sáàárín.

"Ẹ̀yin bàbá mi, etí ọ̀tún mi kò gbọ́ ìrù ohùn mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́."

Genwang fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́! Òòlù ti bọ́!" Ó kọjú sí àwọn àgbà, ó ń ju apá.

Ruifang rọra rìn yí lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ sọ pé: "Bàbá Kékeré, iná ti ń jó ẹ̀wù yín."

Genwang kò yíjú. Ó ń rojọ́ lọ.

Àgbà méjì nínú méje ló rẹ́rìn-ín. Márùn-ún yòókù ń wojú ara wọn, wọ́n ń béèrè ohun tó sọ. Díẹ̀díẹ̀, àwọn márùn-ún náà wá mọ̀ pé àwọn pẹ̀lú kò gbọ́ ọ.

"Ẹ wò ó," ni Ruifang wí. "Gbogbo wa là ń fi etí jìn fún òòlù, tá a sì ń pe bíbo etí ní ìwà ojo. Mo ra ìbòtí wá, ti alágbẹ̀dẹ, tí kò lo bátìrì. Èyí tí mo rà fún rélùwéè, apá rẹ̀ kò lè ká ariwo òòlù. Nígbà tí idẹ bá gbóná, ẹni tí kò bá bo etí kò ní lu idẹ nílé yìí. Nígbà àṣekẹ́yìn nìkan la máa ṣí i."

"Ta ló fi ọ́ jẹ ọ̀gá?" Genwang pariwo.

Hao Tiecheng ló dáhùn. "Ọdún mẹ́ta rèé tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń bá mi gbọ́ ìrù ohùn. Mo fi pa mọ́ fún gbogbo yín. Ọmọ yìí kò fi tirẹ̀ pa mọ́. Ẹ jẹ́ ó lù ú."

Ìwọ tó ń ka èyí, tó o ti di ẹrù ìrìn àjò, má ṣe yan hẹ́dífóònù níbi tó dákẹ́. Gbé e lọ síbi tí ariwo wà. Má gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́ kí etí rẹ tó jẹ́rìí sí i. Rẹ ohùn sílẹ̀. Bí etí bá dí, má mu tíì dè é, sáré lọ bá dókítà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ta ohun tí a kò lè rí rà padà.

Ruifang mú òòlù kékeré. Ó lù ú, ó tẹ́tí, ó tún lù ú. Bàbá rẹ̀ dúró ní apá ọ̀tún rẹ̀, níbi tó ti máa ń dúró láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọdún méje, ó sì lu agogo ńlá náà. Ohùn rẹ̀ gba ilé kan. Ruifang gbé orí sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí apá òsì mi, kí ẹ tún un lù."