Ta Ni Opó Orí Ayélujára?

“Má kọ ọ́ bí ọmọ ilé-ìwé mọ́, jọ̀ọ́. Kọ ọ́ bí obìnrin tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ìka kan tábìlì bó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì ti fóònù mìíràn síwájú ọmọbìnrin tó jókòó tì í. Wọ́n to fóònù sórí tábìlì náà lọ gbọọrọ, wáyà iná wọn lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́. Fèrèsé wà ní títì pa. Nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kù rìrì, ilẹ̀ yàrá náà sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìka-Iná ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ń yára tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù bíi tirẹ̀. Ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yíyá nìkan kọ́ ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ó mọ ènìyàn sín jẹ. Bó bá kọ̀wé bí arúgbó, díẹ̀ ló kù kí o gbọ́ ikọ́ bàbá náà nínú ọ̀rọ̀. Bó bá kọ ọ́ bíi mẹkáníìkì, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn epo. Ẹ̀bùn yìí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí tó fi pè é wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ọ́fíìsì alága kánsù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa alága lórí ayélujára. Nígbà tó yá, ó rí i pé ó rọrùn kí òun fúnra òun dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ju kí òun máa wá ọ̀rọ̀ rere kiri lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọmọdé, arúgbó àti aláìní níbẹ̀. Alága fẹ́ tì í pa, kó gbé ilé náà fún oníṣòwò kan tó fẹ́ fi ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́nà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọ̀tá tálákà. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ará ìlú. Ojú-ìwé kánsù lórí ayélujára ti ṣí sílẹ̀, kí kálukú lọ sọ tinú rẹ̀ síbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé irọ́ kọ́ lèyí?” Ìka-Iná ti bi í lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé yàrá náà.

“Irọ́ bíi ti báwo? Àwọn tó ń rò bẹ́ẹ̀ wà nígboro, ọwọ́ wọn ni kò yá. Ìwọ kàn ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ ni. Bó o bá ti ṣe ìdánwò tán, ọ́fíìsì alága ń dúró dè ọ́. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn náà, tìẹ ni.”

Fóònù tuntun! Àtọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fi fóònù rẹ̀ tó sán lójú ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló ń bọ́ àwọn méjèèjì, kò sì sí bí ẹ̀rọ náà ṣe lè pariwo tó tí yóò bí fóònù. Ó di tuntun náà mú, ó sì pa ìbéèrè tó kù mọ́nú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, opó ni wọ́n ní kó kọ̀wé bí. Kí ni opó máa sọ? Ó ronú títí. Opó kan ṣoṣo tó mọ ohùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ wà nílé, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ènìyàn bá kí ìyá rẹ̀ pé ṣé àlàáfíà ni, èsì kan ló máa ń fọ̀: “Abẹ́rẹ́ mi ò tíì kán.” Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ìka-Iná bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́:

“Opó ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Abẹ́rẹ́ mi ò tíì kán, n ò sì tọrọ ìwòsàn ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀lẹ ló ń tò síwájú nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Kí alága ti ibẹ̀ pa, kí iṣẹ́ wọ̀lú.”

Ẹ̀gbọ́n kà á, ó pàtẹ́wọ́. “Ìwọ ọmọ yìí, iwin ni ẹ́!”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ wú. Kò rántí pé ohùn ènìyàn dà bí aṣọ tí wọ́n wọn mọ́ ọn lára. Ẹni bá rí i níbikíbi, á mọ ẹni tó ni ín.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ opó náà fi tàn ká. Àwọn tí kò tilẹ̀ gbé nílùú náà ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìka-Iná ń lọ aṣọ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, káfíńtà ilé kejì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Rédíò wà lórí pẹpẹ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní òun fẹ́ ka ohun tí ará ìlú ń sọ lórí ayélujára, ló bá gbẹ́nu lé e: “Opó ni mí, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Abẹ́rẹ́ mi ò tíì kán…”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Káfíńtà yí ojú padà díẹ̀díẹ̀.

“Ìyá Aránṣọ, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Èmi ló yẹ kí n bi yín,” ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo olè, wọ́n tún ti ń jí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni gbé!”

Káfíńtà kò bá a rẹ́rìn-ín. “Ta ló tún jẹ́ opó, tó jẹ́ aránṣọ, tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí?” Ó dìde. “Bí ikọ́ fée bá mú ọmọ mi, bí ẹwìrì ló ń mí. Nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ yẹn ló ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú. Èmi wá ni ọ̀lẹ?”

“Ẹ gbọ́ ná, èmi kọ́…”

“Ẹ gbé ṣòkòtò mi fún mi bó ṣe wà.”

Òórùn kan ta sí wọn nímú. Áyọ́ọ̀nù ti jó apá aṣọ tó wà níwájú Ìka-Iná, kò sì mọ̀. Ìyá rẹ̀ sáré wá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí ló ń ṣe ọ́? Ọkàn rẹ dà?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, àwọn oníbàárà ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ní òun ò rán aṣọ mọ́. Òmíràn kàn fa tirẹ̀ jáde lábẹ́ àwọn tó kù. Ìyá náà ń fi fóònù pélébé rẹ̀ hàn wọ́n, èyí tí kò lè ṣe ju kó pe ènìyàn kó sì gba ìpè lọ. “Ṣé eléyìí ni mo fi dé orí ayélujára?” Wọ́n ní alága ti ra òmíràn fún un, ó gbé e pamọ́ ni. Nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀, ẹnìkan ti fi èédú kọ ỌDÀLẸ̀ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá náà fọ̀ ọ́, kò kúrò. Ó fi aṣọ bò ó.

Ó wá di ọjọ́ tó yẹ kó lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ìka-Iná tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti tò sórí ìlà, àwọn obìnrin tó wà níwájú sún, àwọn tó wà lẹ́yìn náà sún, tí ìyá àti ọmọ fi dá dúró láàárín bí igi oko. “Ẹ̀yin náà wá tò pẹ̀lú àwa ọ̀lẹ?” obìnrin kan bèèrè. Ìyá Aránṣọ dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì padà sílé láìgba nǹkan kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Ìka-Iná bi í pé, “Màámi, ẹ ò ní lo oògùn?”

“Mo ti lò ó,” ni ìyá rẹ̀ wí, láìwojú rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé páálí oògùn náà ti ṣófo. Kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí.

Ó sá tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́. Ẹ gbà mí, wọ́n fẹ́ pa ìyá mi.”

“A pa kí ni rẹ́? Ẹyin lohùn, ó ti fọ́ ná.” Ara òun náà ò balẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. “Ṣe sùúrù kí ìpàdé tí alága pe ará ìlú sí lọ́túnla kọjá. Bí wọ́n bá ti ti ilé ìwòsàn yẹn pa, gbogbo ènìyàn á gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó o bá lanu, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, alága á sì fi ọlọ́pàá mú ọ. Ìdánwò rẹ ńkọ́? Rò ó wò, àbúrò mi.”

Ó rò ó. Ó rò ó títí orí fi ń fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kánsù kún dẹ́nu. Àwọn tí kò ríjòókòó dúró lẹ́bàá ògiri. Alága jókòó sókè, wọ́n sì ta aṣọ funfun kan sẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ orí ayélujára ń hàn lára rẹ̀ gàdàgbà.

“Ẹ wò ó fúnra yín,” alága wí. “Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀yin ará ìlú lẹ ní ìṣẹ́ ti dínkù, pé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ti tó. Àwọn tó ní ká tì í pa pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ fíìfíì.”

Nọ́ọ̀sì dìde. “Alága, ẹ wá wo èrò tó ń wà níwájú mi láràárọ̀.”

“Nọ́ọ̀sì, àwọn tó kọ̀wé pọ̀ ju èrò yín lọ.”

Ìyá Aránṣọ náà dìde. Ariwo sọ: “Jókòó! Ọ̀dàlẹ̀!” Ìyá náà kò jókòó. “Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ…”

“Ẹ má bẹ̀rù wọn, mà,” alága dá a lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Akin obìnrin ni yín. Ẹ sọ òótọ́ inú yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!”

Ìyìn náà burú ju èébú lọ. Ìyá náà jókòó, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Ìka-Iná rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ń mi orí sí i díẹ̀díẹ̀: má ṣe é, má ṣe é. Síbẹ̀, ọmọbìnrin náà bá ara rẹ̀ lórí ìdúró.

“Kò sí opó kankan níbẹ̀,” ó wí. “Èmi ni.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọdé, jókòó,” alága pàṣẹ.

Ó di ojú rẹ̀. Ó yí ohùn padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ funfun náà gan-an, láìwò ó, láìfi wóró kan sílẹ̀. Ó sọ ti mẹkáníìkì. Ó sọ ti awakọ̀. Nígbà tó kan ti opó, tí ohùn ìyá rẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, gbọ̀ngàn ti dákẹ́ lọ gbári. Ìyá náà ṣí ojú, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

“Káfíńtà tó ní ara òun le bí òkúta, tí kò nílò nọ́ọ̀sì ńkọ́?” káfíńtà bèèrè látẹ̀yìn.

“Èmi náà ni, sà.”

“Ọkùnrin yẹn ni mò ń wá kiri láti ọjọ́ yìí pé kí n lù!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi kú.

Ìka-Iná rìn lọ síwájú, ó gbé fóònù tuntun náà sórí tábìlì alága. “Nǹkan tí wọ́n fi ra ẹnu mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.”

Alága ní òun ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ó sì yára tú ìpàdé ká. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti lé ẹ̀gbọ́n náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ní àdáṣe rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ìka-Iná, òbí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bínú, kò sì bá Ìyá Aránṣọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ kánsù wá pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ilé ìwòsàn náà títí wọn yóò fi rán ènìyàn lọ bi ará ìlú léèrè láti ojúlé dé ojúlé.

Ọ̀gá ilé-ìwé kò dárí ji Ìka-Iná lásán. Ó ní yóò ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, kó máa bá nọ́ọ̀sì àti àwọn oníbèérè náà kiri. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Àwọn kan kò fẹ́ ilé ìwòsàn náà lóòótọ́, wọ́n ní èrò rẹ̀ ń dí ojú ọ̀nà àwọn. Àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ jù wọ́n lọ. Àmọ́ ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé, nínú àwọn tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ gan-an, ó ṣọ̀wọ́n kó rí ẹni tó ní fóònù tó lè dé orí ayélujára. Nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, màmá arúgbó kan bi wọ́n pé, “Ṣé èmi lẹ ní kí n sọ èrò mi? Èmi yìí?” Ó ní kí wọ́n jókòó. Ó sọ̀rọ̀ títí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì tán, kánsù ò ti ilé ìwòsàn náà pa mọ́.

Káfíńtà mú ṣòkòtò rẹ̀ padà wá, ó sì bẹ̀bẹ̀. Àwọn oníbàárà kan padà. Àwọn kan ò padà mọ́. Ìyá Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ pọ̀ tí kò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ ju “káàárọ̀” àti “oúnjẹ wà nílẹ̀” lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ, ó ní:

“Bí o bá jí owó mi, màá ṣiṣẹ́ rí òmíràn. Ohùn mi lo jí. Ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, tí wọ́n gba ẹnu rẹ̀ lò, kí ló kù tó máa fi gbèjà ara rẹ̀?”

Ìka-Iná kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Màámi.”

“Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má gbàgbé o.”

Kò gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má gbàgbé pẹ̀lú. Ariwo tó pọ̀ lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń rò. Ọwọ́ díẹ̀ lè wà lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ẹnu. Ẹni tí ebi ń pa jù lè má sí lórí ayélujára rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ẹ̀bùn tàbí ìlérí ra ohùn yín láti fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sá fún un, nítorí ilé ẹni ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ wó lulẹ̀.